Ìka Kẹwàá

Páálí wàrà kẹtàdínlógún ni mò ń ha lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Múlíkà, aládùúgbò wa, dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní òun wá kí wa kú oríire. Mi ò gbójú sókè. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi kò gba kéèyàn wo ibòmíràn. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà lára páálí wàrà. Tí wàrà bá tutù dáadáa, ìlà náà á jẹ́ búlúù. Tó bá ti gbóná jù, búlúù náà á pòórá, ẹni tó fẹ́ rà á á sì mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ìlà yẹn ni mò ń fi abẹ́ ha sínú àwo kékeré. Ìyẹ̀fun tó wà lára páálí kan kò lè bo èékánná ìka ọmọńdinrín tán. Téèyàn bá sì fi agbára ha á, bébà á bá a wá, kútẹ́ẹ̀sì téèyàn bá pò ó mọ́ á rí ságisági.

Ìyá Múlíkà wọlé, ó bọ́ ìborùn fàdákà rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó. Ó ní àbí mi ò gbọ́ ohun tí òun wí ni.

“Ìbírónkẹ́ ti wà lórí pátákó,” ló wí. “Ó ti fihàn lẹ́ẹ̀mejì, ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin òní, àbúrò rẹ ti di ará Abẹ́ Àtíbàbà. Ẹ ò tiẹ̀ ta wá lólobó. Ẹ̀yin ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́.”

Mo bi í pé kí ni Ìbírónkẹ́ fihàn.

“Èékánná ni. Òjò ló wà lórí ẹ̀, ó ń rọ̀, ó ń dá. Látìgbà tí mo ti ń kun làálì fún ìyàwó, mi ò rí irú ẹ̀ rí.”

Mo gbé abẹ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo ìlú yìí, ibì kan ṣoṣo ni òjò tó ń rọ̀ tó sì ń dá lórí èékánná wà, inú ìgò kékeré tó wà níwájú mi lórí tábìlì ni.

Pátákó ìkéde àdúgbò wa kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Fèrè ìkìlọ̀ ooru àkọ́kọ́ ti dún láàárọ̀ yẹn. Ẹni tó bá jáde lẹ́yìn fèrè láìbo orí, tí oòrùn bá gbé e ṣánlẹ̀, ọkọ̀ ìlera kò ní wá gbé e. Mo da ìborùn mi borí, mo sáré lọ.

Wọ́n ti sọ ọwọ́ náà di ńlá lórí pátákó, ìka kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọdé. Mo mọ ọwọ́ yẹn ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ. Mo mọ àpá ọ̀bẹ tó wà lórí ìka ìfábẹ̀lá òsì, mo mọ bí èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún ṣe tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láti òkè. Ilẹ̀ gbígbẹ ló wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, osùn tí mo lọ̀ mọ́ èédú ni mo fi ṣe é. Ìkùukùu ẹfun bẹ̀rẹ̀ láti ọmọńdinrín òsì, ó ń nípọn bọ̀ títí dé àtàǹpàkò méjèèjì, lẹ́yìn náà ó ń fẹ́lẹ́ lọ sí apá ọ̀tún, títí tó fi parí sí ìmọ́lẹ̀ bíńtín lórí ìka tó kẹ́yìn. Òjò náà ni ìyẹ̀fun páálí wàrà. Orí èékánná tó yọ kúrò lára ẹran máa ń tutù ju ìdí rẹ̀ lọ, nítorí náà orí ni òjò ti kọ́kọ́ máa ń hàn. Tí olúwarẹ̀ bá ti ọwọ́ bọ omi tútù, òjò á rọ̀ sórí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Tó bá di inú oòrùn, ilẹ̀ á gbẹ.

Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Òjò Ìbírónkẹ́. Ìfihàn kẹta: òní.

Nígbà tí mo padà, Ìyá Múlíkà ṣì jókòó. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi ni mo kùn ún. Mo ní èmi ni. Ó ní òun rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Dígí, ẹ̀rọ tó ń wo ọwọ́ ní Ilé Ìfihàn, kì í bèèrè ẹni tó kùn ún, ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ fihàn ló ni ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Nígbà kan, àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà ńlá náà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, máa ń ya àwòrán iṣẹ́ àwa tá a wà níta, wọ́n á ní tàwọn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé ìka gan-an ni Dígí máa wò, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méje. Wọ́n ní èèyàn lè jí àwòrán, kò lè jí ọwọ́.

“Ìka òfo ńkọ́?” Ìyá Múlíkà bi mí. “Èwo lo fi sílẹ̀?”

“Mi ò fi ìkankan sílẹ̀.”

Ó gbé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. “Há, Fẹyíṣará,” ló wí.

Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò mọ ìka òfo. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kun èékánná kò lè kun ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Tó bá fi òsì kùn ún, ìlà á máa gbọ̀n. Àfi kó wá ọwọ́ ẹlòmíràn tó máa fi dán iṣẹ́ wò. Kí ẹni yẹn má baà gba Ilé Ìfihàn lọ, ẹni tó ń kùn ún á fi ìka kan sílẹ̀ láìkùn. Ìka mẹ́sàn-án kò já mọ́ nǹkan kan lójú Dígí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìbírónkẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tówẹ́ẹ̀lì. Ọdún kẹsàn-án rèé. Lórí ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó kọ́ mi. Odindi ọdún àkọ́kọ́ ni kútẹ́ẹ̀sì mi fi ń hó bí ọṣẹ kó tó yé mi pé èmi ni mò ń mi ìgò jù. Ńṣe ló yẹ kí n máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ọdún kejì ló yé mi pé ìpele mẹ́ta tó fẹ́lẹ́ máa ń pẹ́ ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, àti pé téèyàn kò bá fa búrọ́ọ̀ṣì gba etí èékánná kọjá kó fi pa ẹnu rẹ̀ dé, omi á gba ibẹ̀ wọlé. Jálẹ̀ gbogbo rẹ̀, ọmọńdinrín ọ̀tún ni ìka òfo wa.

Àfi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo ti kun mẹ́sàn-án, mo ti ń dé ìgò, nígbà tí Ìbírónkẹ́ na ìka tó kù sí mi. Ó ní òjò náà kò rí ibi parí sí, ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gé ọ̀rọ̀ sí ẹnu, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó dára. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà fẹ́ rí i. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ń jẹ mí lọ́wọ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo gbé abọ́ omi tútù síwájú rẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, òjò sì rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó ṣe, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ayọ̀ ni mo pè é.

A ti jọ ṣàdéhùn. Ó máa gbé e wọ̀ fún ọjọ́ méje nílé tó ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ asẹ́ omi, á máa fọ abọ́, á máa fọ aṣọ, á máa ṣí ìdérí àgbá bó ṣe ń ṣe. Tó bá pé ọjọ́ méje tí nǹkan kan kò ṣe é, á wá sílé, á kun ọwọ́ ọ̀tún mi bí mo ti ṣe kọ́ ọ láti ọdún méjì, èmi á kun òsì fúnra mi, a ó sì jọ gba Ilé Ìfihàn lọ. Òní gan-an ló pé ọjọ́ méje.

Ìyá Múlíkà lọ sílé rẹ̀. Màmá pè mí láti inú yàrá, ó bi mí pé ta ló wá. Mo ní wọ́n wá kí wa ni. Orí ẹní tútù ló dùbúlẹ̀ sí, mo fi omi rin aṣọ tó wà ní àyà rẹ̀. Dókítà ti sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i bí irú ti èṣí, ọkàn rẹ̀ lè má gbà á mọ́. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lórúkọ lè mú ẹnì kan péré dání wọ Abẹ́ Àtíbàbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ìwé ìwọlé tèmi, orúkọ Màmá ló wà níbẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ ibẹ̀ fún ara mi náà. Mo fẹ́ yàrá iṣẹ́ kan tó tutù, tí kútẹ́ẹ̀sì kò ti ní máa lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò kí n tó ṣí i.

Aago kan ti kọjá nígbà tí Ìbírónkẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, mo sì rí i pé igun àtàǹpàkò ti ṣí kúrò, ilẹ̀ àti ìkùukùu ti já lọ tó ìdajì ẹ̀wà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Ìdérí àgbá ni.”

Ọwọ́ mi ti di àtàǹpàkò náà mú kí n tó rò ó. Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ẹnì kan ti da kútẹ́ẹ̀sì mìíràn sí ojú ọgbẹ́ náà, ó sì ti sún kì. Mo bi í pé kí ló fi kùn ún. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun kan ni. Mo ní ọ̀rẹ́ náà kò jẹ́ kí ìpele ìsàlẹ̀ gbẹ. Ó ní ó ń kánjú ni. Báyìí la ṣe ń sọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, bí ẹni pé ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni. Lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Mo ti rí pátákó,” ni mo wí.

Ó ní òun mọ̀. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé kó dìde, kó jókòó, nítorí mi ò fẹ́ bá ẹni tó kúnlẹ̀ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti rò ó. Ó ní láti ìgbà tí òun ti rí ìwé ìwọlé mi nínú àpótí ìgò, oṣù méjì sẹ́yìn.

“Orúkọ Màmá lẹ kọ,” ló wí. “Mi ò ní ó burú. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ẹgbẹ́ mi á jáde, èmi á na ọwọ́ fún yín. Ẹ wo awọ rẹ̀. Asitóònù tí ẹ fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ti gbẹ ẹ́ tán. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mí, ọwọ́ mi ti dà bíi ti Màmá. Ẹ̀yin ẹ fẹ́ lọ síbi tó tutù, kí ẹ fi èmi àti ọwọ́ mi sílẹ̀ síbí.”

Mo ní tó bá pé ọdún kan, òfin gbà kí n mú ẹnì kan sí i wọlé. Òun ni mo fẹ́ mú.

“Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.”

Òótọ́ ni, mi ò sọ ọ́. Mo rò pé ó mọ̀ ni. Mo wá béèrè ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ béèrè, pé orúkọ ta ló kọ sínú ìwé tirẹ̀.

Ó wo ilẹ̀. “Adéyínká.”

Mo mọ Adéyínká. Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí wọ́n jọ ń rìn. Ó wá sílé wa lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó síwájú fáànù láti ìgbà tó dé títí tó fi lọ.

“Màmá wá ńkọ́?”

“Mo rò pé tó bá pé ọdún kan, òfin á gbà kí n…” Kò parí rẹ̀. Àwa méjèèjì la gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Màmá wúkọ́ nínú yàrá. Ìbírónkẹ́ fi ìbọ̀wọ́ náà sí orí itan, ó ń tẹ́ ẹ, ó tún ń ká a. Ó ṣàlàyé ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí àbùkù tó tóbi ju hóró yánmọtí lọ bá wà lára iṣẹ́ ní ìfihàn kẹta, iṣẹ́ náà ti kú nìyẹn. Dígí á ti orúkọ rẹ̀ pa, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè fi í hàn mọ́ láéláé, yálà ẹni tó fihàn tàbí ẹni tó kùn ún. Ó ní tí mo bá kọ̀, gbogbo wa la máa pàdánù. Kò fi halẹ̀ mọ́ mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú.

Mo wọ yàrá lọ. Màmá ti sùn padà. Aṣọ tí mo fi omi rin kò tíì pé wákàtí mẹ́ta, ó ti gbẹ bí ẹni sá a sórí páànù. Mo dúró ti ẹní náà. Nǹkan tó ń sọ lọ́kàn mi kò ṣòro láti gbọ́: jókòó, Fẹyíṣará. Ṣáà jókòó. O ò ní bú u, o ò ní lù ú. Kí aago mẹ́rin ṣáà kọjá, òjò tó jí gbé á kú mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì mọ bó ṣe ń rí. Mo gbádùn ìrònú náà. Mo gbádùn rẹ̀ tó bí èèyàn ṣe ń gbádùn omi tútù. Màmá wá mí, èémí kékeré kan tó há lọ́nà kó tó jáde, mo sì ń dúró de èyí tó kàn. Ó pẹ́ kó tó dé. Mo fi omi rin aṣọ, mo jáde.

“Da ìborùn rẹ borí,” ni mo sọ fún Ìbírónkẹ́. “Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí. Ẹnu ọ̀nà Ilé Ìfihàn ni màá ti ṣe é, lẹ́yìn tí mo bá ti fi ojú mi rí orúkọ Màmá nínú ìwé rẹ.”

Ó ní Adéyínká ti di ẹrù.

“Kó tú u.”

Ó sunkún díẹ̀. Mo jẹ́ kó sun ún, mo ń kó irin iṣẹ́ sínú àpò: ìgò mẹ́rin, òwú, igi ìtayín, fáìlì èékánná, búrọ́ọ̀ṣì oníirun mẹ́ta tí mo ṣe fúnra mi, àti fúláàsìkì omi dídì. Ìyá Múlíkà gbà láti jókòó ti Màmá. Ó wo ọwọ́ Ìbírónkẹ́ bí a ṣe ń kọjá, ó sì mí kanlẹ̀.

Ìrìn wákàtí kan ni. Ìbírónkẹ́ ń rìn níwájú lábẹ́ ìborùn rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn, bí ìgbà tí mo máa ń mú un lọ sí iléèwé, àyàfi pé nígbà yẹn òun ló máa ń wà lẹ́yìn. Láti orí afárá èèyàn lè rí àtíbàbà ńlá náà, aṣọ funfun tó bo ìdajì ìlú, atẹ́gùn ń mì í díẹ̀díẹ̀. Mo ti máa ń fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe fi okùn rẹ̀ dè é tí ìjì kò fi gbé e lọ. Mo rò pé mo ṣì máa rí i nítòsí lọ́jọ́ kan.

Àtẹ orúkọ wà níta Ilé Ìfihàn, lára ògiri. Ìbírónkẹ́ tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lé e. Ohùn obìnrin kan kí i kú ọ̀sán, ó bi í pé kí ló fẹ́ yí padà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, àtẹ náà kò gbọ́, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo dúró títí orúkọ Adéyínká fi kúrò tí Mopélọ́lá, orúkọ ìyá wa, sì jókòó síbẹ̀. Mo ní kó tẹ ìyẹn tó máa tì í pa. Ó tẹ̀ ẹ́.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Bẹ́ǹṣì onísìmẹ́ńtì kan wà lábẹ́ ògiri, ibi tí òjìji rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Mo fi ìborùn mi ta àgọ́ bo orí wa, mo gbé fúláàsìkì omi dídì lé e lọ́wọ́ kó dì í mú kí ìka rẹ̀ lè tutù, nítorí nínú irú ooru yẹn kútẹ́ẹ̀sì máa ń gbẹ lójú kó tó gbẹ nínú, ibẹ̀ sì ni ihò kéékèèké ti ń yọ. Mo fi òwú wé orí igi ìtayín, mo ti í bọ asitóònù, mo sì nu kìkì ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà sí i, láìkan etí tèmi. Mo fi fáìlì tẹ́ etí náà kí ó má baà ga ju ara lọ. Ìpele ìsàlẹ̀. Mo ka ọgọ́fà. Ilẹ̀. Mo ka igba. Ìkùukùu, mo fi orí búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣú. Ìbírónkẹ́ kò mira. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dì bíi tirẹ̀, ó ti kọ́ láti máa mí nígbà tí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè.

Nígbà tó kan òjò, mo gbàgbé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ìlà mẹ́ta ló yẹ kí ó bá àwọn ti àtijọ́ pàdé láìsí àpá, mo fa àkọ́kọ́, ó wọlé, mo fa èkejì, mo sì gbàgbé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀. Inú mi dùn bíi ti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹ̀kẹta wọlé. Mo gbé ojú sókè láti sọ fún un pé kó wò ó, bí mo ti máa ń ṣe, mo sì rí ojú rẹ̀, mo wá rántí.

Mo pa ẹnu èékánná náà dé. “Má fọwọ́ kan nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” ni mo wí.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n pè é. Láti ẹnu ọ̀nà mo rí i tó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú Dígí títí dé ọrùn ọwọ́. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tútù tó fẹ́ sí i, mo mọ̀ pé òjò ti ń rọ̀. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí òsì. Ohùn obìnrin tó wà lára àtẹ ló tún sọ̀rọ̀, ó ní Òjò Ìbírónkẹ́ ti wọ ìwé, ọlọ́wọ́ rẹ̀ àti Mopélọ́lá ìyá rẹ̀ ti di ará Abẹ́ Àtíbàbà, ọkọ̀ máa wá kó wọn ní aago méje òwúrọ̀ ọ̀la.

Mo padà sí bẹ́ǹṣì láti kó irin iṣẹ́ mi. Òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ eérú ti dúró tì í, ó gbé ìgò òjò dání, ó ń yí i wò. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun rí mi nígbà tí mò ń kùn, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú tí Dígí ti sọ̀rọ̀, àwọ̀ yìí ti ní ẹni tó ni ín. Ó ní ta ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi?

Mi ò tíì lanu nígbà tí Ìbírónkẹ́ jáde. Okùn ọwọ́ funfun ti àwọn ará Abẹ́ Àtíbàbà ti wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó rí ọkùnrin náà, ó rí ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré wá.

“Aṣiṣẹ́ mi ni wọ́n,” ló wí. “Mo yọ̀ǹda fún wọn.”

Kí n lè bọ́ nínú ẹjọ́ ló ṣe sọ ọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò pé òun ṣe mí lóore, pé nǹkan kan ti tún padà sí ipò. Ọkùnrin náà mí, inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó na wàláà kékeré kan sí mi. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni: Fẹyíṣará, aṣiṣẹ́ lábẹ́ Ìbírónkẹ́, lórí iṣẹ́ Òjò Ìbírónkẹ́. Ó ní kí n kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo lè máa bá a kùn ún níbikíbi.

Mo bi í pé tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́. Ó ní á jẹ́ pé mo máa da ohun tó wà nínú ìgò nù, ó máa ń ṣẹlẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ní níbo ni wọ́n máa ń dà á sí. Ó nawọ́ sí orí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́bàá ògiri, nínú oòrùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Ìbírónkẹ́ wí.

Ìyẹ̀fun oṣù mọ́kànlá ló wà nínú ìgò náà. Mo dà á. Ó nípọn, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, mo ní láti dúró kó tán. Àwọ̀ kankan kò yọ lára rẹ̀. Lórí òkúta gbígbóná bẹ́ẹ̀, kò lè yọ. Ó kàn dán fún ìgbà díẹ̀ bí omi tí ẹnì kan dànù, ó sì hó lójú.

Mo bẹ ọkùnrin náà pé kó jẹ́ kí n fọ búrọ́ọ̀ṣì mi. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì kò sí nínú òfin, kí n fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo fọ irun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí asitóònù fi mọ́, mo fi ìka tọ́ orí wọn, mo fi òwú wé e. Bí mo ti ń ṣe é, mo ń sọ fún Ìbírónkẹ́ pé Màmá kì í fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, pé egbòogi aláwọ̀ ewé ni ti àárọ̀, ìlàjì rẹ̀ ni ti alẹ́, pé tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó jókòó díẹ̀. Ó ń mi orí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà, ìka yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tí èékánná rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ó bi mí bóyá òun máa rí mi lọ́la tí ọkọ̀ bá wá.

Mo da ìborùn mi borí. Mo ní yóò rí Màmá.